Ǹjẹ́ Átọ́ọ̀mù Ń Dá Tanná Bí?



Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò: 'àdáṣe'. Bí átọ́ọ̀mù bá gba agbára sára, kì í pẹ́ tí yóò fi tú u sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìmọ́lẹ̀. Nítorí pé a kò rí ohun tí ó tì í ṣe é, 'ìtànmọ́lẹ̀ àdáṣe' ni àwa olùkọ́ ń pè é. Èmi náà ti fi kọ́ni bẹ́ẹ̀. Èrò mi lónìí ni pé orúkọ náà kò péye.

Ní 1946, E. M. Purcell fi hàn pé ohun tí ó wà ní àyíká lè mú kí irú ìtúsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ yá kíákíá. Ní 1981, Daniel Kleppner sọ òdìkejì rẹ̀: a lè dí i lọ́wọ́. Ní 1987 ni Eli Yablonovitch àti Sajeev John, tí olúkúlùkù ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀, wá dábàá kírísítáàlì ìmọ́lẹ̀.

Báwo ni ó ṣe ń ṣiṣẹ́? Ìgbì ni ìmọ́lẹ̀. Bí a bá dá ihò tín-ín-rín sínú sílíkọ́nì létòlétò, ní òró àti ní ìbú, tí àlàfo wọn sì sún mọ́ ìdajì gígùn ìgbì náà, ihò kọ̀ọ̀kan yóò máa dá díẹ̀ padà nínú ìgbì náà. Bí ètò náà bá pé, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan kò ní rí ọ̀nà gbà níhà kankan. Átọ́ọ̀mù tí ó fẹ́ tan irú ìmọ́lẹ̀ yẹn níbẹ̀ yóò di agbára rẹ̀ mú. A máa ń sọ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láìfara kanra. Níhìn-ín, ojú ọ̀run gan-an ni a gbà lọ́wọ́ ẹyẹ.

Èyí kì í ṣe àlá. Ní 2004, Peter Lodahl, Willem Vos àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Netherlands fi hóró kéékèèké tí ń tàn bí átọ́ọ̀mù sínú irú kírísítáàlì bẹ́ẹ̀. Wọn kò dí ìtànmọ́lẹ̀ náà pátápátá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń yí àlàfo ihò padà, bẹ́ẹ̀ ni ó ń falẹ̀ tàbí ó ń yára.

N kò ní kí a sọ 'àdáṣe' nù. Ó ya ìtànmọ́lẹ̀ yìí sọ́tọ̀ sí èyí tí ìmọ́lẹ̀ mìíràn ń ru sókè. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe kọ́ ọmọ wa pé átọ́ọ̀mù nìkan ni ó ni ìpinnu. Ẹni tí yóò tanná gbọ́dọ̀ rí àyè tàn án sí.