Ẹ Má Tíì Jù Ú Nù: Àmì Ara Ọ̀bẹ àti Aṣọ Àwọn Baba Wa

(Ọ̀rọ̀ tí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò)

 

Lọ́dún tó kọjá, a ṣí àpótí bàbá wa àgbà. Agbádá àtijọ́ kan la bá níbẹ̀, àti ọ̀bẹ aṣóró kékeré kan tí wọ́n ní bàbá rà bọ̀ láti Mẹ́kà. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà wà lára àkọ̀ rẹ̀. Àbúrò mi rí i, ó fò sókè: "Ẹ̀gbọ́n, àmì àwọn Júù nìyí! Ẹ jẹ́ ká lọ sọ ọ́ sódò." Díẹ̀ ló kù kó gbé e lọ.

Ẹ gbọ́ o. Hayreddin Barbarossa, ọ̀gá ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Ọ́tómáànù, kú lọ́dún 1546. Àsíá rẹ̀ ṣì wà ní Istanbul dòní. Zulfiqar, idà Sàyídínà Aliyu tó pín sí méjì lẹ́nu, wà lára aṣọ náà, pẹ̀lú orúkọ kálífà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ìràwọ̀ onígun mẹ́fà yẹn náà sì wà níbẹ̀! Ṣé Júù wá ni Barbarossa? Rárá o. Èdìdì Ànábì Sulaiman ni àwọn Mùsùlùmí ń pè é; wọ́n ń yà á sára owó, aṣọ àti ohun ìjà, pàápàá fún ààbò.

Ẹ tún wo òdòdó túlíìpù tó pọ̀ lára aṣọ àwọn Ọ́tómáànù. Lale ni wọ́n ń pè é. Lẹ́tà Lárúbáwá tí wọ́n fi ń kọ ọ́ náà ni wọ́n fi ń kọ Allah. Àwọn àfáà tó mọ ìṣirò lẹ́tà á sọ fún yín pé 66 ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òdòdó ló ń wàásù o. Nígbà míì, ẹwà lásán ni oníṣẹ́ ọnà ń wá.

Agbádá bàbá ńkọ́? Àwọn ohun ṣóńṣóró tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ ṣe sáyà rẹ̀, aska takwas ni àwọn Hausa ń pè é, ìyẹn ọ̀bẹ mẹ́jọ. Èyí tó rí roboto lápá ọ̀tún, tambari ni, ìlù ọba. Aṣọ ọlọ́lá ni. Ìyá wa àgbà kan ló wá là á yé wa pé Bídà ni wọ́n ti fi ta bàbá lọ́rẹ nígbà tó ń ṣòwò lọ sọ́hùn-ún. Àwa ọmọ ò gbọ́ ọ rí!

Nítorí náà, ká tó túmọ̀ àmì, ká bi ìbéèrè mẹ́ta: Níbo ni wọ́n ti ṣe é? Kí ló tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ta ló ni ín, báwo ló sì ṣe dé ilé wa? Ìwé lè dáhùn méjì àkọ́kọ́. Ẹnu àgbà nìkan ni ìkẹta wà, àwọn àgbà náà sì ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sun ún, ẹ má tà á ní ọ̀pọ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ kọ ohun tí àgbà bá sọ sílẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́. Ọ̀bẹ bàbá ṣì wà nínú àpótí. Àbúrò mi yẹn gan-an ló kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé, tó fi sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.