Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Rán Ẹlòmíràn

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí bí ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ń tún ilé ṣe tàbí kó tú u ká, mo ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn, nítorí èmi náà ti jẹ̀bi rẹ̀ rí. Ó ní ìdí tí wọ́n fi yàn mí gan-an nìyẹn.

Púpọ̀ nínú àwa àgbà tó wà níbí ló rántí ọjọ́ 12, oṣù Kejìlá, 1991, tí ìjọba àpapọ̀ kó kúrò ní Èkó wá sí Àbújá. Wọ́n kó fáìlì, wọ́n kó àga àti tábìlì, wọ́n kó àwa òṣìṣẹ́ ìjọba. Wọn kò kó ìyàwó wa. Olùkọ́ ni ìyàwó mi lábẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó, kò sì sí bó ṣe lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí àwa mẹ́rin máa jẹ owó oṣù kan ṣoṣo. Òun àti àwọn ọmọ wa méjèèjì dúró ní Súrùlérè. Èmi àti akẹgbẹ́ mi méjì jọ ń gbé ilé kan ní Kárù.

Lẹ́tà la kọ́kọ́ ń kọ. Tẹlifóònù wà ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n kò sí nílé wa l'Ékòó. Ìyàwó mi ló ronú kan kásẹ́ẹ̀tì. Yóò gbé rédíò alákàásẹ́ẹ̀tì sí kíṣíńnì, yóò tẹ̀ ẹ́, yóò sì máa bá mi sọ̀rọ̀ bó ti ń dáná. Mo máa ń gbọ́ ata tó ń dín nínú epo. Yóò dá ọ̀rọ̀ dúró láti bá ọmọ wí, lẹ́yìn náà yóò padà sórí ohun tí ọ̀gá ilé ìwé wọn tún ṣe. Kò sí ohun pàtàkì kankan níbẹ̀. Awakọ̀ tó bá ń bọ̀ l'Ábújá ló ń bá wa mú un wá. Èmi náà á gba tèmi sílẹ̀ lóru, nígbà tí àwọn tó kù bá ti sùn, kí wọ́n má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ní oṣù Keje 1994, àwọn òṣìṣẹ́ epo rọ̀bì daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ June 12. Epo ọkọ̀ di ohun à-ń-wá-kiri, n kò sì rílé lọ fún oṣù mẹ́ta. Owó ilé ti tó san. Ọ̀rẹ́ mi kan rí ọkọ̀ tó ń lọ sí Èkó láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo sáré bá a ní ibùdókọ̀. Mo ní kó bá mi sọ fún ìyàwó mi pé kó ní sùúrù, owó ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, ìwé pélébé kan dé: "Mo ti gbọ́." Inú mi dùn. Mo ní aya tó gbọ́ràn ni mo fẹ́.

Kásẹ́ẹ̀tì kò wá mọ́. Mo bínú sí àwọn awakọ̀. Nígbà tí mo délé ní oṣù Kẹwàá, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé oúnjẹ síwájú mi, ó tán. Ọjọ́ méjì la fi wà bẹ́ẹ̀. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, iná lọ, a jọ jókòó sí fàráńdà. Ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé mò ń yọ yín lẹ́nu ni?"

Ohun tí ọ̀rẹ́ mi jẹ́ fún un ni pé: "Ọkọ yín ní kí ẹ má yọ òun lẹ́nu, owó á wá tó bá wá."

Àwọn àgbà ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ọ̀rẹ́ mi fi tẹrú jẹ́ tèmi, mo sì dì í sínú. Ó tó ọdún kan kí n tó rántí ohùn tí èmi fúnra mi fi rán an. Mo ti fẹsẹ̀ rìn púpọ̀ nínú ọ̀nà Kárù láàárọ̀ ọjọ́ náà, ebi ń pa mí, ariwo ni mò ń pa. Ọ̀rọ̀ sùúrù ni mo fi rán an, ohùn ìbínú ni mo fi sọ ọ́. Ohùn yẹn ló gbé dé Súrùlérè.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ìbínú, a kò fi rán ẹnikẹ́ni mọ́. Àwọn baba wa mọ ohun tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lú àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà, ọkàn mi fà sí ọ. Mẹ́jọ, èrò wa jọ. Wọ́n á so ó pọ̀, wọ́n á dì í, ẹni tó gbé e lè má mọ ohun tó gbé. Ètè rẹ̀ kò kàn án. Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ wà nínú ilé kan náà, tí ẹ ń fi ọmọ ọdún márùn-ún ránṣẹ́ síra yín, "lọ sọ fún Dádì rẹ," ẹ̀yin ni mò ń bá wí o.

Nígbà tí fóònù GSM dé ní oṣù Kẹjọ 2001, a rò pé ìyà ti tán. Náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan, odindi rẹ̀ la sì ń san bí a tilẹ̀ lo ìdajì. Mo máa ń kọ ohun tí mo fẹ́ sọ sórí ìwé kí n tó pè: owó ilé ìwé, ara Màmá, jẹnẹrétọ̀. Lemọ́lemọ́ la ń sọ̀rọ̀, síbẹ̀ n kò mọ ohun tí ọ̀gá ilé ìwé wọn ń ṣe mọ́.

Ìyàwó mi ti fẹ̀yìn tì báyìí, ó sì ti wá bá mi l'Ábújá. Òun ni àwọn ọmọ ń pè. Á ní, "Ọmọ yín ní kí n kí yín." Èmi náà á ní, "Bá mi kí i." Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ mọ ohun tí mò ń wí. Lóṣù tó kọjá, mo bi í ní ohun tí ọmọkùnrin wa tó wà ní Kánádà sọ gan-an. Ó ní ọmọ náà ní ó rẹ òun díẹ̀. Mo ní, "Ohùn wo ló fi sọ ọ́?" Ó wò mí, ó ní òun kò fiyè sí ohùn. Mo mú fóònù, mo pe ọmọ fúnra mi.

Kò tilẹ̀ kí mi. Ó ní, "Dádì, kí ló ṣẹlẹ̀? Ṣé kò sí nǹkan tó ṣe Mọ́mì?"

Mo ní kò sí nǹkan kan, ohùn rẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní òun ń dáná lọ́wọ́. Mo ní kó máa dáná lọ, kó má pa fóònù. Kí oúnjẹ náà tó jinná, ó ti sọ ohun tó rẹ̀ ẹ́ fún mi, èyí tí n kò ní sọ níbí.