Ìjàpá Tó Ń Gbọ́ Yorùbá: Ẹgbẹ́ Rọ́bọ́ọ̀tì fún Àwọn Ọmọ Wa ní Ilé-Ifẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Bí a bá fẹ́ kí àwọn ọmọ JSS wa mọ rọ́bọ́ọ̀tì ṣe lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣíwọ́ nílé-ẹ̀kọ́, èdè tí wọ́n fi ń ronú ni kí á kọ́kọ́ mú lò; owó ẹ̀rọ ló tẹ̀ lé e.

Ìlú yìí kọ́ ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ irú rẹ̀. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Odidi ọdún mẹ́fà ni wọ́n fi Yorùbá kọ́ kíláàsì kan ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti gbogbo ẹ̀kọ́ yòókù, àfi Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Kíláàsì tí wọ́n fi ń wò ó wé lo Yorùbá fún ọdún mẹ́ta, ó sì bọ́ sórí Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí ìdánwò dé, àwọn tó fi Yorùbá kẹ́kọ̀ọ́ ta àwọn yòókù yọ, Gẹ̀ẹ́sì wọn pàápàá kò sì rẹ̀yìn.

Ní sáà kan náà, Seymour Papert, ọmọ bíbí Gúúsù Áfíríkà, wà ní Amẹ́ríkà. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé Logo, èdè kọ̀ǹpútà fún ọmọdé, jáde ní 1967. Nígbà tó yá, wọ́n ṣe rọ́bọ́ọ̀tì kékeré kan tó ń rìn nílẹ̀, tó ń ya ìlà sórí bébà bó ṣe ń lọ. Ìjàpá ni wọ́n sọ ọ́! Ọmọ wo ní Ifẹ̀ ni a ó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ẹni tí Ìjàpá jẹ́ fún? Ìjàpá yẹn wà títí dòní nínú Python, èdè kọ̀ǹpútà tí a kì í sanwó fún, ó sì gbà kí ọmọ sọ àṣẹ tó bá ṣẹ̀dá ní orúkọ tó wù ú: síwájú, ọ̀tún, dúró.

Ẹ jẹ́ kí á fi ọmọ méjìlá bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì tiwa, obìnrin mẹ́fà, ọkùnrin mẹ́fà, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀. Ní oṣù àkọ́kọ́, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ọmọ kan ni yóò ṣe Ìjàpá, èkejì yóò máa pàṣẹ: "Gbé ìgbésẹ̀ mẹ́rin síwájú. Yà sọ́tùn-ún." Bí Ìjàpá bá forí sọ ògiri, àṣẹ ni kí wọ́n tún ṣe, kí wọ́n má bá Ìjàpá wí.

Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó ti ọmọ mẹ́ta nídìí tábìlì. Páálí ni ara ìjàpá wọn, ìdérí ìgò ni táyà, ẹ̀rọ kékeré méjì tí wọ́n tú lára ohun ìṣeré tó bàjẹ́ ló ń yí i. Wọ́n fẹ́ kó lọ tààrà. Ó ń yà sósì. Kí olùkọ́ má fọhùn. Èkíní á ní ilẹ̀ ni kò tẹ́jú. Èkejì á gbé e síbòmíràn, á tún yà. Ẹ̀kẹta á gbé e sókè, á tẹjú mọ́ táyà méjèèjì, á pariwo: "Tọ̀tún ló ń yára ju tòsì lọ!" Ọmọ yẹn ti rí ìdí ọ̀rọ̀. Bó bá jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì nìkan la gbà á láyè láti sọ, ó lè rí i kó sì gbé e mì. Kó wá kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́, Yorùbá lápá kan, Gẹ̀ẹ́sì lápá kejì, nítorí Gẹ̀ẹ́sì ni yóò fi ṣèdánwò.

Bí ẹgbẹ́ yóò bá gbilẹ̀, JSS 3 ni yóò kọ́ JSS 1, bí ọmọṣẹ́ àgbà ṣe ń kọ́ àbúrò rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ láti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ máa yà wá wò wọ́n. Ìwé ẹgbẹ́ tó kún fún àṣìṣe àti àtúnṣe ni kí wọ́n gbé lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ kejì.

Ìjàpá inú àlọ́ wa kì í gba àṣẹ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa fọwọ́ ara wọn ṣe èyí tí yóò gbọ́ tiwọn, ní èdè ìyá wọn.