Agbára Ohùn Ènìyàn nínú Ìjálá



Bí olùkọ́ bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ohùn sókè, ohun tí ó ń fẹ́ ni pé kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dún ketekete. Bí olùkọ́ kan náà bá mẹ́nu ba ohùn òkè, ohun tí ó ya ọkọ́ sọ́tọ̀ sí ọkọ̀ ni ó ń wí. Èmi kì í bá akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pa méjèèjì pọ̀ wí púpọ̀, nítorí pé wọn kò jìnnà síra nínú ọ̀fun. Bí tán-án-ná bá ṣe ń yára gbọ̀n sí ni ohùn ṣe ń ga sí. Bí èémí láti inú ẹ̀dọ̀fóró bá sì ṣe ní ipá sí ni ohùn ṣe ń dún sí. Ẹni tí ó bá ké, méjèèjì ni ó sábà máa ń ròkè pọ̀. Ohùn ìsàlẹ̀ oníjàálá tí ń ké lè ga ju ohùn òkè rẹ̀ nígbà tí ó bá ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Síbẹ̀ a ń gbọ́ ọ yé, nítorí pé etí ń fi ìró kan wé èkejì ni. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ni ó fi ohùn ṣòfò, nítorí pé tán-án-ná rẹ̀ kò gbọ̀n rárá. (Bóyá ìdí nìyí tí òfófó fi ń yí padà láti ẹnu dé ẹnu.)

Ní gbangba, bí jíjìnnà bá di ìlọ́po méjì, ìró a dín ní nǹkan bí dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 6. Ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ tí ó jẹ́ 60 ní mítà 1 yóò ti sún mọ́ 30 ní mítà 32. Afẹ́fẹ́ lásán lè bò ó mọ́lẹ̀. Nítorí náà, igbe oníjàálá kì í ṣe ọ̀ṣọ́.

Ní ọdún 1998, nígbà tí mo ń ṣe ìwádìí fún oyè ọ̀mọ̀wé, mo gba ohùn àgbà oníjàálá kan sílẹ̀ nínú yàrá rẹ̀. Atọ́ka ojú ẹ̀rọ ń fò kọjá ààlà pupa. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ rẹ ohùn sílẹ̀ díẹ̀." Wọ́n gbà. Nígbà tí mo lu kásẹ́ẹ̀tì náà fún wọn, wọ́n tẹ́tí títí, wọ́n ní, "Tíṣà, ta ni ara rẹ̀ kò yá yìí?"

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a bọ́ sí ìta. Mo gbé ẹ̀rọ jìnnà, wọ́n sì sun ìjálá náà bí wọ́n ti ń sùn ún fún àwọn ọdẹ. Ọ̀rọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àmì ohùn kò yí padà. Ṣùgbọ́n ibi tí apohùn bá ti mí ni mo ń gé ìlà ewì sí, èémí wọn kò sì pẹ́ bí ti àná mọ́: ìlà gígùn kan ti di méjì, òmíràn di mẹ́ta.

Ti inú yàrá ni mo kọ sínú ìwé mi, nítorí pé òun ni ó mọ́ létí jù. Òun náà ni mo fi ń kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì wà lórí tábìlì yìí. Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti inú yàrá ná.