Ẹ̀jẹ̀ Tó Ń Padà Sẹ́yìn: Bí A Ti Ń Wọn Ilẹ̀kùn Ọkàn Tó Ń Jò

 

Àwa olùkọ́ a máa rí ọmọ tí kò lè bá ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré. Bí ó bá gun òkè díẹ̀, yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ. Àwọn kan a ní ọ̀lẹ ni. Àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ayé ni. Ó sì lè jẹ́ pé ọ̀fun ló dùn ún nígbà kan, tí kò rí oògùn lò. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ibà dé, oríkèé ń wú, wọ́n pè é ní làkúrègbé. Ibà náà lọ, ṣùgbọ́n ó ti fi àpá sí ilẹ̀kùn ọkàn.

Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà nínú ọkàn. Wọn a ṣí kí ẹ̀jẹ̀ kọjá, wọn a sì pa dé kí ó má padà, bí fáàfù táyà kẹ̀kẹ́ ti ń ṣe sí afẹ́fẹ́. Bí ọ̀kan kò bá pa dé dáadáa, apá kan nínú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó lọ sínú ara a padà sẹ́yìn. Ọkàn a ṣe iṣẹ́ àṣetúnṣe, a fẹ̀, a sì rẹ̀ ẹ́.

Àwọn tó ń tukọ̀ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa mọ̀ pé kì í ṣe "Ṣé ọkọ̀ ń jò?" ni ìbéèrè, bí kò ṣe igbá omi mélòó ni a óò gbọ́n dà nù kí a tó gúnlẹ̀. Dókítà lè fi ohun ìgbọ́-àyà gbọ́ ariwo ẹ̀jẹ̀ tó ń jò, ṣùgbọ́n ariwo ńlá kì í ṣe ẹ̀rí pé jíjò náà pọ̀. (Àwa olùkọ́ mọ èyí nínú kíláàsì.)

Ní 1842, Doppler, ará Austria, ṣe àlàyé kan tó bá ohun tí a ń gbọ́ ní títì Òkìtìpupa sí Orè mu: fèrè ọkọ̀ tó ń bọ̀ a dún tín-ín-rín, bí ó bá ti kọjá, ohùn rẹ̀ a wálẹ̀. Ní 1953, ní Lund ní Sweden, Edler àti Hertz fi ìró tí etí kò lè gbọ́ wo ọkàn tó ń lù. Àwọn tó tẹ̀lé wọn so ìmọ̀ méjèèjì pọ̀, ẹ̀rọ sì ń sọ bí ẹ̀jẹ̀ ti ń yára tó láìfi abẹ kan ara.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Omi tó ń lọ sínú ihò ìsàlẹ̀ agbada a máa rọra rìn lókèèrè, a sì máa yára bí ó ti ń sún mọ́ ihò. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀rọ a fi àwọ̀ hàn ibi tí ìyára rẹ̀ dé ìwọ̀n kan, a sì rí bí igbá tó dé ihò náà lórí. Bí ó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 1 láti ihò dé ara igbá, ìbú igbá náà jẹ́ 2 × 22/7 × 1 × 1, ó lé díẹ̀ ní 6. Bí ìyára ibẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, mílílítà 251 ló ń kọjá. Ohun tó kọjá lára igbá náà ni yóò gba inú ihò. Bí ó bá ń tú gba ihò ní sẹ̀ǹtímítà 500 ní ìṣẹ́jú àáyá, a ó fi 500 pín 251: ihò náà jẹ́ 0.5 cm². Fún àgbà, ní ilẹ̀kùn àárín yàrá méjèèjì apá òsì, àwọn oníṣègùn ka 0.4 cm² sókè, tàbí mílílítà 60 tó ń padà ní ìlù ọkàn kọ̀ọ̀kan, sí jíjò tó le.

Ẹni tí tirẹ̀ kéré lè máa gba abẹ́rẹ́ pẹnisílínì ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́rin-mẹ́rin kí ibà náà má padà. Ẹni tí tirẹ̀ le lè nílò iṣẹ́ abẹ kí ọkàn tó rẹ̀ jù. Irú iṣẹ́ abẹ tí a ti ń la ọkàn bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ wa ní 1974, nígbà tí Magdi Yacoub àti Fabian Udekwu pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe é ní Enugu. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí ẹgbẹ́ bá fẹ́ dá owó fún aláìsàn ọkàn, a rọ̀ yín kí a kọ́kọ́ san owó ìwọ̀n yìí, ní UCH Ìbàdàn tàbí ibòmíràn tí ẹ̀rọ náà wà, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ìrìn-àjò òkè òkun. Kí òbí béèrè: Ilẹ̀kùn wo ló ń jò? Mélòó ló ń padà? Ìgbà wo ni a óò tún wọn ọ́n? Kí wọ́n gba èsì náà ní kíkọ sílẹ̀, kí wọ́n sì mú un dání nígbà tí wọ́n bá tún ń lọ.