Ọ̀pá Gọ̀gọ̀ Tí A So Pọ̀
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi àpéjọ àwa akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́)

   

Nígbà tí ìgbìmọ̀ kọ̀wé sí mi, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ìròyìn àti ìlọsíwájú ìlú. Orí ọ̀rọ̀ náà dára, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí n sọ èyí tó ń jẹ mí lọ́kàn. Iṣẹ́ mi máa ń gbé mi dé oko púpọ̀, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀, títí dé Emùré. Ohun kan wà tí mo ń rí níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í kọ sínú ìwé ìròyìn, èmi náà kò tíì kọ ọ́ rí. Ọ̀pá gọ̀gọ̀ ni: ọ̀pá gígùn tí a fi irin tó tẹ̀ bí ìkọ́ sí lórí, tí a fi ń ká kòkó. Àwọn kan ń pè é ní go-to-hell. Ta ló sọ ọ́ lórúkọ burúkú bẹ́ẹ̀? Mo rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú, ṣùgbọ́n ẹ fetí sí mi.

Kò sí ẹni tó jókòó síbí tí kòkó kò ṣe lóore. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1955, owó kòkó wà lára ohun tí wọ́n gbójú lé. Àwọn tíṣà wa tó dàgbà jù níbí wà lára àwọn tí ètò yẹn gbé dé ilé-ìwé. Lẹ́yìn náà owó epo rọ̀bì dé, gbogbo wa gba ìlú ńlá lọ. Wọ́n fagi lé Cocoa Board ní 1986. Bàbá dàgbà, oko di igbó, igi kòkó ń ga lọ ní tirẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gé e wálẹ̀. Àfi ìgbà tó di ọdún 2024 tí owó kòkó lórí ọjà àgbáyé kọjá 10,000 dọ́là fún tọ́ọ̀nù kan. Ha! Gbogbo wa rántí ulé, gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe máa ń pè é. Ẹni tí kò mọ ààlà oko bàbá rẹ̀ mọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlẹ́rìí. Mo mọ̀ ó kéré tán ọmọ kíláàsì wa mẹ́ta tó ń ti Èkó wá sí oko lópin ọ̀sẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn, wọ́n mọ ara wọn.

Ohun tí wọ́n bá lóko ni igi tó ti ga ju ọwọ́ lọ. Kòkó tí a bá tọ́jú kò yẹ kó ga tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tí a pa tì lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 25. Gọ̀gọ̀ bàbá tó wà lẹ́yìn ilé, ikán ti jẹ ẹ́. Kí ni àwọn ọmọ tó ń ká kòkó ṣe? Wọ́n gé ọ̀pá kan, wọ́n tún gé òmíràn, wọ́n gbé e lé ara wọn ní bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, wọ́n kan ìṣó méjì mọ́ ọn, wọ́n wé wáyà mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí. Ọ̀pá dé òkè. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó bó ṣe ń mì. Irin kò bá ibi tí wọ́n fẹ́ gé. Wọ́n á wá fi agbára fà á, kòkó á já tòun ti èèpo ara igi. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ mọ̀ pé ojú ibi tí òdòdó ti yọ lónìí náà ni òdòdó ọdún tó ń bọ̀ yóò ti yọ. Ẹni tó bá ya ibẹ̀ kúrò ti ká kòkó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni kòkó dúdú. Bí òjò bá pọ̀, àrùn a máa mú kòkó, á dúdú, á jẹrà, á gbẹ mọ́ orí igi. Bí gọ̀gọ̀ kò bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, yóò wà níbẹ̀ títí di òjò ọdún kejì, òjò á sì máa fọ àrùn náà sórí àwọn tó wà nísàlẹ̀. A ra oògùn, a fọ́n ọn, owó ńlá ni. Síbẹ̀, orísun rẹ̀ wà lókè tó ń wò wá. Nítorí náà, bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ ọ̀pá yìí, ọ̀rọ̀ owó ni mo ń sọ. Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí náà wà nínú rẹ̀, màá débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀. Àwọn baba wa kì í fẹ́ so igi pọ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ ẹ̀rúkọ́, wọn a wọ igbó lọ wá ẹ̀ka tí Ọlọ́run ti tẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn agbẹ́gilére náà bẹ́ẹ̀. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tó kú ní 1938, òun ló gbẹ́ òpó ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́ tó wà ní Chicago báyìí: ọba lórí àga, olorì lẹ́yìn rẹ̀, láti ara igi kan ni gbogbo rẹ̀ ti jáde. Òun náà ló gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ìkẹ́rẹ́ tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1924, tó sì kù sí ọwọ́ àwọn Òyìnbó. Àga ọba ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ẹ sọ ẹni tó jèrè. Ohun tí mo ń bọ̀ wá sọ ni pé sísopọ̀ kì í ṣe ohun tí ọwọ́ wa mọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ káfíńtà ni a ti kọ́ ọ. Ìdí nìyí tí a fi ń ṣe é bí ẹni ń di igi ìdáná.

Bí ẹ bá rí ọ̀pá kan ṣoṣo tó gùn, tó tọ́, tó sì fúyẹ́, ẹ má so nǹkan kan. Ẹ lò ó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá máa so ó, ibi ìsopọ̀ ni kí ẹ ti náwó, kí ẹ ti fara balẹ̀. Mo ti bi àwọn káfíńtà, mo ti bi alágbẹ̀dẹ, mo sì ti bi bàbá àgbẹ̀ kan lọ́nà Ìsẹ̀ tí gọ̀gọ̀ rẹ̀ tọ́ bí ìlà rúlà. Ọ̀rọ̀ wọn kò yàtọ̀ púpọ̀.

Èkíní, ẹ gé ojú igi méjèèjì ní dàgẹ̀rẹ̀, dàgẹ̀rẹ̀ gígùn. Bí ọ̀pá bá nípọn ní íǹṣì 2, kí ojú dàgẹ̀rẹ̀ náà gùn tó íǹṣì 16, ìyẹn ìlọ́po 8. Èmi a fẹ́ kó tó 20. Ẹ fi ojú méjèèjì lé ara wọn kí ẹ sì gbé e sójú oòrùn: ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti là á kọjá, ẹ tún fá a. Kí ó lẹ̀ mọ́ra bí ètè méjì.

Ẹ tún rántí pé fífà ni a máa ń fa gọ̀gọ̀ jù. Dàgẹ̀rẹ̀ tó dán lè máa yọ̀ díẹ̀díẹ̀ kúrò lára ara wọn bí a ti ń fà á. Nítorí náà ni ẹni tó mọṣẹ́ fi máa ń gé àtẹ̀gùn kékeré kan sí àárín dàgẹ̀rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí èyí fi eyín há èyí. Ó ń dá yíyọ̀ dúró, ó sì ń dá yíyí dúró, nítorí bí ọ̀pá bá ń yí, irin á kọjú sí ibi tí a kò rán an.

Wàyí o, dídì. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe nìyí. Wọ́n á kó gbogbo okùn jọ sí àárín. Ẹ̀yin tíṣà Físíìsì wa, ẹ gbà mí! Orí ìsopọ̀ méjèèjì ni okùn ti ń ṣiṣẹ́ jù, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Bí àlàfo àárín wọn bá jẹ́ íǹṣì 4, ìyà tí okùn kọ̀ọ̀kan ń jẹ nígbà tí ọ̀pá bá fẹ́ tẹ̀ jẹ́ ìlọ́po 4 ti ibi tí àlàfo náà jẹ́ íǹṣì 16. Okùn kan náà ni o, ọwọ́ kan náà, ibi tí a gbé e sí nìkan ló yàtọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ lè wá fi ẹ̀kẹta sí àárín bí ọkàn yín bá fẹ́.

Okùn wo? Rọ́bà inú táyà ni mo fara mọ́. Ẹ lọ bá àwọn tó ń lẹ táyà, wọ́n á fún yín ní èyí tó ti bàjẹ́. Ẹ là á ní tẹ́ẹ́rẹ́, ẹ fà á dáadáa bí ẹ ti ń wé e. Ìdí rẹ̀ ni pé igi tútù a máa sún kì bó bá ti ń gbẹ. Wáyà kò lè tẹ̀lé e, á dẹ̀. Rọ́bà tí a fà á tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n oòrùn a máa jẹ rọ́bà, kí ẹ yí i padà ní ìbẹ̀rẹ̀ ìkórè ọdún kọ̀ọ̀kan. Ìṣó ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀. Ìṣó a máa la igi, pàápàá ọparun.

Ọparun ní tirẹ̀ kò ṣeé gé ní dàgẹ̀rẹ̀, nítorí inú rẹ̀ ṣófo. Igi líle ni kí ẹ gbẹ́ kó rí roboto, kó wọ inú àwọn méjèèjì ní bí ẹsẹ̀ bàtà kan kan. Kí ẹ gé ọparun náà kí oríkèé rẹ̀ wà nítòsí ẹnu, nítorí oríkèé ni kì í jẹ́ kó là. Kí ẹ sì fi rọ́bà di ẹnu méjèèjì pinpin. Ọparun tó ti tó ọdún mẹ́ta ni kí ẹ gé, kí ẹ jẹ́ kó gbẹ lábẹ́ ìbòòji kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ẹlòmíràn máa ń lo páìpù irin kúkúrú, á ki igi bọ̀ ọ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ó dára, ó yá, ṣùgbọ́n ó wúwo, omi sì máa ń gbé inú rẹ̀ títí igi á fi jẹrà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i.

Ibo ni kí ìsopọ̀ wà? Ẹ má pín ọ̀pá dọ́gba. Kí èyí tó gùn, tó sì nípọn wà nísàlẹ̀, kí èyí tó kúrú, tó fúyẹ́ wà lókè. Ọ̀pá tí a dì mú nídìí, ìdí ni wàhálà rẹ̀ pọ̀ sí jù. Bí ìsopọ̀ bá ti jìnnà sókè tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹrù rẹ̀ ń dín kù. Ìgbà tí ọ̀pá sì máa ń dá ni ìgbà tí a bá ń gbé e nílẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí a ń ká kòkó. Ẹ fi ìdí rẹ̀ ti ẹsẹ̀ igi, kí ẹ máa fi ọwọ́ rìn lábẹ́ rẹ̀ títí á fi dúró, bí a ti ń gbé àkàbà.

Ẹ máa bi mí pé bí méjì kò bá tó ńkọ́, ṣé kí a fi ẹ̀kẹta kún un? Ní tèmi, rárá. Igi kòkó tí ọ̀pá méjì kò bá tó, àdá ló yẹ ẹ́: kí a gé orí rẹ̀ wálẹ̀, kí a tọ́ ẹ̀ka tuntun. Ọ̀pẹ tó bá ga bẹ́ẹ̀, ẹ pe akọ̀pẹ tó ní igbà. Mo mọ̀ pé akọ̀pẹ ti wọ́n, àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò fẹ́ gùn ún mọ́, bẹ́ẹ̀ ni a kò lè bá wọn wí, ẹni tó ti rí ẹni tó jábọ́ kò ní fẹ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn ará Malaysia fi ń fi dòjé orí ọ̀pá gígùn gé ẹyìn. Ọparun ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò, wọ́n wá bọ́ sí páìpù alumíníọ̀mù tó ń wọ inú ara wọn. Ó ti ń dé ọ̀dọ̀ wa náà. Ó fúyẹ́, ó le, ìsopọ̀ rẹ̀ dára ju tiwa lọ.

Òun ni mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀ lé lórí kí n tó sọ̀kalẹ̀. Wáyà iná tí gbogbo wa ṣì ń pè ní ti NEPA ń gba inú oko wa kọjá. Èyí tó lọ láti ìlú dé ìlú, 33,000 fóòtì tàbí 11,000 ló ń gbé, kì í ṣe 220 ti inú ilé. Alumíníọ̀mù gba iná. Ọparun tí òjò pa náà gba iná. Kò dìgbà tí ọ̀pá bá fara kan wáyà bẹ́ẹ̀, bó bá ti súnmọ́ ọn ju bó ti yẹ lọ, iná lè fò bọ́ sórí rẹ̀. Ní Malaysia, ó ti pa àwọn tó ń gé ẹyìn. Bàtà rọ́bà kò gbani lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń rán ọmọ ọlọ́mọ lọ sóko, ẹ kọ́kọ́ lọ wo òkè fúnra yín. Ẹ gbé ọ̀pá náà dùbúlẹ̀ sílẹ̀, ẹ wọn bó ti gùn tó. Igi èyíkéyìí tó bá jẹ́ pé ọ̀pá lè ṣubú láti ìdí rẹ̀ kó dé abẹ́ wáyà, ẹ kọ̀ ọ́ sílẹ̀, kí kòkó rẹ̀ jẹrà níbẹ̀. Ẹ wí fún àwọn ọmọ náà pẹ̀lú pé bí ọ̀pá bá ti há sára wáyà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fa ẹni tó dì í mú. Ẹni tó bá fà á, òun ló máa ń ṣìkejì.

Mo gbé gọ̀gọ̀ méjì wá. Ọ̀kan ni èyí tí àwọn ọmọ fi ìṣó àti wáyà so, èkejì ni ti bàbá ọ̀nà Ìsẹ̀, ó yá mi títí di ọjọ́ Ajé. Wọ́n wà lára ògiri ní ìta gbọ̀ngàn yìí. Bí a bá ti jẹun tán, kí ẹni tó bá fẹ́ jáde wá gbé wọn sókè wò, kí ẹ̀yin tíṣà wa kọ́kọ́ gbé e.