Gàrí, Irú àti Àjọ Ìṣọ̀kan: Ta Ló Jókòó Níbi Tí Wọ́n Ti Kọ Òfin Oúnjẹ?

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Ilé-Ifẹ̀

Iwájú àwọn tó mọ iṣu, tó mọ iyán ni mo dúró sí, nítorí náà n kò ní fi ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ dá yín dúró pẹ́. Oúnjẹ ìbílẹ̀ ni èyí tí àdúgbò kan ń ṣe lọ́nà tí a fi ń dá a mọ̀. Ìṣọ̀kan òṣèlú ni kí àwọn ìlú tàbí orílẹ̀-èdè wà lábẹ́ òfin kan náà lórí nǹkan tó pa wọ́n pọ̀. Ó lè jẹ́ tipátipá, bíi ti 1914 tí Lugard, gómìnà Gẹ̀ẹ́sì, so Àríwá àti Gúúsù Nàìjíríà pọ̀. Ó sì lè jẹ́ ti àdéhùn, bíi ti ECOWAS, àjọ ọrọ̀ ajé Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n buwọ́ lù ní Èkó ní ọjọ́ 28, oṣù Karùn-ún, ọdún 1975. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: ìṣọ̀kan kì í pa oúnjẹ. Oúnjẹ tó ń kú ni èyí tí àwọn tó ni ín kò sí níjòókòó lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ òfin rẹ̀.

Gàrí ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Àwọn kan yóò béèrè pé kí ló dé tí kì í ṣe iyán, nígbà tó jẹ́ pé Ifẹ̀ la wà. Iyán kì í kọjá ibodè. Inú odó ló ti ń bọ́ sínú abọ́, kò sí aṣọ́bodè tó ń yẹ̀ ẹ́ wò. Gàrí ló ń rìnrìn àjò. Ó ń ti Ìjẹ̀bú lọ sí Èkó, ó ń ti Savalou ní ilẹ̀ Benin wọ Cotonou, ó sì ń bá àwọn ọmọ wa wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ sì mọ̀ pé kì í ṣe ẹyọ kan. Gàrí Ìjẹ̀bú máa ń kan, nítorí wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti rin pẹ́ nínú àpò, ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ márùn-ún, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tó kù ú, kí wọ́n tó yan án. Ní ìhà Ẹdó àti Délítà, epo pupa ń wọ inú tiwọn, kì í sì í pẹ́ nínú àpò tó bẹ́ẹ̀. Ti Savalou, tí wọ́n ń pè ní Sohui, kúnná, ó sì gbẹ dáadáa. Ẹni tó ń jẹ ọ̀kan nínú wọn lè má fẹ́ èkejì rárá, gàrí ṣì ni gbogbo wọn.

Ní àwọn ọdún 1980, wọ́n kọ òdiwọ̀n fún gàrí nínú Codex Alimentarius, ìyẹn ìwé òdiwọ̀n oúnjẹ tí FAO (àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé) àti WHO (àjọ ìlera àgbáyé) jọ ń ṣe láti 1963. Kì í ṣe òyìnbó ló jókòó kọ ọ́ fún wa. Ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà nínú Codex ló ṣe é. Ẹ sì lè rí ọwọ́ wọn nínú rẹ̀. Ìtumọ̀ tó fún gàrí gbà pé ó lè jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́, ó sì lè jẹ́ iṣẹ́ ilé iṣẹ́. Ó to iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ bí obìnrin tó ń yan gàrí ṣe máa tò ó: bíbó, fífọ̀, rínrin, mímú kí ó kan, títẹ̀, kíkù, yíyan. Ó pín hóró rẹ̀ sí kíkúnná, àárín àti èyí tó tóbi, kò sì sọ pé ọ̀kan dára ju èkejì lọ. Omi inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 12% lọ. Májèlé ara ẹ̀gẹ́ tó kù nínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2 lọ nínú kílò kan. Òfin tó dára nìyí, nítorí ọgbọ́n tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni ọgbọ́n tí àwọn ìyá wa ti ń lò: nígbà tí a bá rin ẹ̀gẹ́, oje ara rẹ̀ a pàdé májèlé náà, a tú u palẹ̀, omi tí a tẹ̀ jáde a gbé díẹ̀ lọ, iná abẹ́ agbada a sì lé èyí tó kù.

Ṣùgbọ́n òdiwọ̀n kan náà sọ pé kíkan gàrí kò gbọdọ̀ dín ní 0.6%, kò sì gbọdọ̀ ju 1% lọ. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Òfin májèlé ń ṣọ́ ẹ̀mí. Òfin pé kíkan rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ibì kan, ìtọ́wò ló ń ṣọ́, ìtọ́wò ẹni tí kò fẹ́ kíkan. Gàrí tó pẹ́ nínú àpò, tó kan kọjá ìwọ̀n yẹn, kò pa ẹnikẹ́ni. Pípẹ́ rẹ̀ gan-an wà lára ohun tó ń dín májèlé kù. Ìjẹ̀bú fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń bu omi tútù sí i lọ́sàn-án gangan fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bí nọ́ńbà kan ṣoṣo bá di òfin fún gbogbo ilẹ̀ tí a wọ inú ìṣọ̀kan pẹ̀lú, a lè lé gàrí tó dára padà ní ibodè nítorí pé ó jẹ́ gàrí Ìjẹ̀bú. N kò sọ pé àwọn tó kọ ọ́ ní èrò búburú. Ohun tí mo ń sọ ni pé bí ayangàrí kan láti Ìjẹ̀bú bá wà níbẹ̀, ì bá ti sọ fún wọn pé ẹ̀mí nìkan ni kí wọ́n fi òfin ṣọ́, kí wọ́n fi ahọ́n sílẹ̀ fún oníkálukú. Ìyàtọ̀ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi lónìí rọ̀ mọ́.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí èmi àti àwọn kan ti ń bá ọ̀rọ̀ yìí bọ̀, inú wọn kò sì ní bàjẹ́ bí mo bá dá wọn lóhùn ní gbangba. Àwọn wọ̀nyí ní oúnjẹ Yorùbá ti pé kí ìṣọ̀kan kankan tó dé. Pé ibodè òyìnbó, Nàìjíríà, ECOWAS àti gbogbo àjọ tó tẹ̀ lé e ló bà á jẹ́. Pé kí a padà sí ti àtijọ́, kí a má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ̀n ọ́n. Mo bọ̀wọ̀ fún ìfẹ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àmọ́ kò bá ìtàn mu. Àgbàdo ti òdìkejì òkun wá, ẹ̀gẹ́ àti ata náà ti ibẹ̀ wá. Àwọn onítàn so bí ìyangàrí ṣe gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wa mọ́ àwọn tó padà bọ̀ láti Bràsíìlì àti Sàró ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Wàrà wá láti ọwọ́ Fúlàní. Ẹ̀wà àgànyìn ń jẹ́ orúkọ tí ará Èkó fi ń pe àwọn tó wá láti ìhà Tógò àti Gánà. Bí a bá yọ gbogbo ohun tí ìrìnàjò mú wá kúrò, ẹ̀kọ ti lọ, ẹ̀bà ti lọ, ata inú ọbẹ̀ ti lọ. Iṣu, ẹ̀wà, epo, ẹ̀gúsí àti irú ni yóò kù, ẹ̀wà inú wọn náà ń ti Niger wọlé ní ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí wọ́n ti ibodè Niger pa lẹ́yìn ìdìtẹ̀gbàjọba àwọn ológun ní oṣù Keje, 2023, ọjà wa níhìn-ín mọ̀ ọ́n lára. Niger, Mali àti Burkina Faso sì ti jáde kúrò nínú ECOWAS láti ọjọ́ 29, oṣù Kìn-ín-ní, 2025. Ẹni tó ní ìṣọ̀kan ni ọ̀tá oúnjẹ wa, kí ó wo ohun tí ìtúká ń ṣe sí ìkòkò ẹ̀wà.

Àwọn mìíràn gba ọ̀nà míì. Wọ́n ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ta ló ń tẹ̀ lé òfin yín? Àwọn obìnrin wa ń kọjá ibodè Ìdíìrókò lójoojúmọ́ láìní ìwé." Òótọ́ ni pé wọ́n ń kọjá. Kí ni wọ́n fi ń kọjá? Owó tí wọ́n ń tẹ̀ sí ọwọ́ ẹni tó dúró lójú ọ̀nà. Ìlànà ìṣòwò ọ̀fẹ́ ti ECOWAS fi ohun oko tí a kò tíì sọ di nǹkan mìíràn àti iṣẹ́ ọwọ́ ìbílẹ̀ sílẹ̀ láti kọjá lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ọjà ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí. Níbo wá ni gàrí wà? Kì í ṣe ẹ̀gẹ́ tútù mọ́. Ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ti yan án kì í sì í ṣe ilé iṣẹ́. Inú àlàfo yẹn ni àwọn tó ń gbowó ti ń jẹun. Nàìjíríà buwọ́ lu àdéhùn ìṣòwò gbogbo Áfíríkà, AfCFTA, ní Niamey ní ọjọ́ 7, oṣù Keje, 2019. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn kan náà, ó ti ibodè ilẹ̀ rẹ̀ pa, kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn títí di oṣù Kejìlá, 2020. Oníṣòwò ńlá ní agbẹjọ́rò tó lè bá a tọ ìjọba lọ. Alágàrí kò ní nǹkan kan tó lè fi hàn pé ọjà rẹ̀ tọ́. Àìsí òfin kò gbe aláìní rí.

Wọ́n tún ní owó ìyẹ̀wò pọ̀ jù fún obìnrin tó ní agbada méjì. Èyí ni àtakò tó wúwo jù, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ tì. Bí a bá ní kí oníkálukú gbé gàrí rẹ̀ lọ sí ilé ìyẹ̀wò, a ti pa á. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ṣòro láti dá sílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí. Àpò kan tí a bù nínú ti ogún ènìyàn tó ń ṣe é bákan náà tó láti yẹ̀ wò. Ẹ ò sì nílò ẹ̀rí láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn àgbà tó wà níhìn-ín rántí kòkó Ifẹ̀ láyé Marketing Board ti Ìwọ̀ Oòrùn, àjọ ìjọba tó ń ra kòkó. Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ pé kòkó gbọ́dọ̀ sùn lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà, kí wọ́n tó sá a gbẹ. Pé bí ó bá tutù tàbí bu, ayẹ̀wò kòkó kò ní gbà á. Àwọn tí kò lọ sí ilé ìwé kọ́ òdiwọ̀n náà, wọ́n sì ń pa á mọ́. Ohun tí òyìnbó ń jẹ la fi gbogbo ìtọ́jú yìí ṣọ́. Ẹ jẹ́ kí n bá wa wí díẹ̀, nítorí ọmọ ilé ni wá: títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú àwa tí ń kọ́ni ní yunifásítì ń ka nípa òdiwọ̀n wàràkàṣì ilẹ̀ Yúróòpù ju bí a ti ń wọ̀n irú ọjà Odò-Ògbè lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì ń gba oyè láì mọ ìyàtọ̀ láàrin irú wooro àti irú pẹ̀tẹ̀. Kò yẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ méjì ọ̀rọ̀ òdiwọ̀n yìí ní Yúróòpù. Póláǹdì wọ inú Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ní 2004. Àwọn darandaran rẹ̀ ní orí òkè Tatra ń ṣe wàràkàṣì kan tí wọ́n ń pè ní oscypek, láti inú wàrà àgùntàn tí wọn kò sè, wọ́n sì ń fi èéfín igi yá a nínú ahéré pákó. Wọn kò dúró kí àjọ náà wá sọ fún wọn pé ahéré kò mọ́ tó. Wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é sílẹ̀. Slovakia ta kò wọ́n nítorí pé ó ní èyí tó jọ ọ́, wọ́n jókòó, wọ́n yanjú rẹ̀, orúkọ náà sì wọ ìwé ààbò ní 2008. Tiwa wá ńkọ́? Ní oṣù Kẹfà, 2015, àjọ yìí kan náà dá ẹ̀wà gbígbẹ láti Nàìjíríà dúró nítorí dichlorvos, oògùn kòkòrò tó ju mílígíráàmù 0.01 lọ nínú kílò kan, wọ́n sì sún ọjọ́ tí ìdádúró náà yóò parí síwájú. Ìyẹn kì í ṣe òfin ìtọ́wò. Ẹ̀mí ló ń ṣọ́. Ẹni tó bá ní ìkórìíra ni wọ́n fi ṣe é ń tan ara rẹ̀ jẹ. Kò sí àgbẹ̀ àtijọ́ tó fi oògùn yẹn pa kòkòrò inú ẹ̀wà, nítorí náà kò sí àṣà tí a lè fi gbèjà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé, síbi ọ̀rọ̀ ààbò orúkọ bíi ti oscypek. Ààlà tí Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fà ní 1889 pín wa: Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà ní ìhà ọ̀hún, àwa wà ní ìhín. Benin wà nínú OAPI, àjọ tó ń dáàbò bo orúkọ ọjà fún ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó ń sọ Faransé. Nàìjíríà kò sí níbẹ̀. Ibẹ̀ ni Côte d'Ivoire gbé attiéké lọ, ní 2024 UNESCO sì kọ ìmọ̀ ṣíṣe rẹ̀ sínú ìwé àjogúnbá. Ẹ̀gẹ́ rínrin náà ni attiéké, bíi gàrí. Àwa ní òfin àmì ìṣòwò tó gba kí ẹgbẹ́ kan forúkọ àmì ìjẹ́rìí sílẹ̀ fún ọjà. Òfin náà wà níbẹ̀. Àwa ni kò lò ó.

Irú ló kù. Daddawa lọ́dọ̀ Hausa, soumbala ní Mali, nététou ní Senegal, afitin lọ́dọ̀ Fọ̀n: igi kan náà, ọ̀nà tó jọra. Bí àwọn tó ń ṣe wọ́n bá jókòó láti kọ òdiwọ̀n kan, ohun tí Ifẹ̀ gbọ́dọ̀ gbé lọ kò ju díẹ̀ lọ: wákàtí mélòó ni irú wooro ń lò nínú igbá, mélòó ni ti pẹ̀tẹ̀, kí ni kúúrú tí wọ́n ń fi mú un rọ̀ ń ṣe nínú rẹ̀, iyọ̀ mélòó ló ń mú kí ó pẹ́. Ẹ̀ka ìmọ̀ oúnjẹ ní yunifásítì wa lè wọ̀n gbogbo rẹ̀. Èyí tó le jù ni ewé. Bí òfin bá ní kí a kó irú sínú ọ̀rá kí ó tó kọjá ibodè, a ní láti lè sọ, pẹ̀lú nọ́ńbà lọ́wọ́, bóyá ewé tí wọ́n fi ń bò ó wà lára ohun tó ń sọ ọ́ di irú, tàbí ó kàn ń bò ó. Kí a tó dé ilé ìyẹ̀wò, àwọn onírú ní Odò-Ògbè ni ó yẹ ká kọ́kọ́ bi, kí a sì kọ èsì wọn sílẹ̀ pẹ̀lú orúkọ wọn.